Ta Ni Yóò Ni Ṣọ́ọ̀bù Wa Lẹ́yìn Wa? Ìtàn Àwọn Tó Ń Ṣe Báàgì àti Jákẹ́ẹ̀tì Òkè, Àti Ńlá Àti Kékeré

Ìtàn la fẹ́ sọ lónìí. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn tẹ láìkì kí ẹ kọjá lọ o. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan olúkúlùkù wa.

Àwa tí a ń ta báàgì àti jákẹ́ẹ̀tì òkìrìkà ní Jos, ìgbà ọyẹ́ ni ìkórè wa. Òtútù ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ìbàdàn. Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, ọlọ́kadà, ọmọ iléèwé, ọdẹ alẹ́, gbogbo wọn ló ń wá jákẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan a tú béèlì kan, báàgì JanSport wà níbẹ̀, jákẹ́ẹ̀tì The North Face náà wà níbẹ̀. Ọmọ wa tó wálé láti yunifásítì ló ń bá wa yẹ síìpù wò. Ó ní, "Bàbá, ẹ wo inú àpò báàgì yìí. Ẹ tún wo inú jákẹ́ẹ̀tì yìí. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kan náà ló wà lára lébẹ́ẹ̀lì méjèèjì." A wọ jígí, a wò ó. Lóòótọ́ ni: VF Outdoor ni wọ́n kọ sí méjèèjì.

Ó ti lé lógún ọdún tí a ti ń ta méjèèjì. Gbogbo ìgbà la máa ń sọ fún kọsítọ́mà pé, "Eléyìí le ju tọ̀hún lọ," bíi pé orogún ni wọ́n. Àṣé ọkọ kan náà ló ni wọ́n! A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn wa.

Ìdí tí kò fi kúrò nìyí. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an la ti ibi ìpàdé kan dé. Bàbá kan láàárín wa, tó ti ń ta ìkòkò àti abọ́ ní Jos láti ìgbà tí àwa ṣì wà níléèwé, ti di olóògbé. Kò pé ọdún kan tí a sin bàbá tí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fi bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ wà l'Ékòó, wọ́n wà l'Ábújá, ọ̀kan wà nílùú òyìnbó. Kò sí èyí tó mọ ẹni tó jẹ bàbá lówó, kò sí èyí tó mọ ibi tí bàbá ti ń ra ọjà. Ọmọọṣẹ́ bàbá tó mọ gbogbo ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè. Iṣẹ́ tí ẹnì kan fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́, ó tú ká bí ẹni tú àgọ́.

Nítorí náà la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí àwọn tó ń ṣe ọjà tí a ń tà yìí. Báwo ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀? Ta ló gbé èyí tó jẹ́ kékeré mì? Èwo ni kò ṣeé gbé mì? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí báàgì.

ABẸ́RẸ́ KAN ÀTI ÌLÉRÍ KAN

Ní 1967, ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Murray Pletz ronú báàgì àgbékọ́yìn kan tó ní férémù irin fúyẹ́, fún àwọn tó máa ń rìn lórí òkè. Ó mọ bí yóò ṣe rí, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n rán. Ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, Jan Lewis, ló mọ ẹ̀rọ ìránṣọ lò. Murray ní tó bá lè bá òun rán an, òun yóò fẹ́ ẹ, òun yóò sì fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́. Jan rán an, wọ́n ṣègbéyàwó, ilé-iṣẹ́ sì di JanSport. Ìbátan Murray kan, Skip Yowell, ló ṣe ìkẹta wọn. Orí òkè ṣọ́ọ̀bù mọ̀lẹ́bí wọn kan tó ń tún gíà ọkọ̀ ṣe ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ óò rí i pé kò yàtọ̀ sí bí àwa náà ṣe bẹ̀rẹ̀: ìyàwó ń rán, ọkọ ń tà, ọmọ ìyá ń ràn wọ́n lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n yá wọn ní ibi tí wọ́n á jókòó sí.

Àwọn ọmọ yunifásítì Washington tó wà nílùú yẹn rí báàgì kékeré tí wọ́n rán fún òkè, wọ́n ní yóò dára láti fi kó ìwé, torí òjò Seattle kì í dá bọ̀rọ̀. Báyìí ni báàgì òkè ṣe di báàgì iléèwé, tó fi dé ẹ̀yìn àwọn ọmọ wa ní Jos níbí. Kì í ṣe ọ̀gá ńlá kan nínú ọ́fíìsì ló ronú ìyẹn. Kọsítọ́mà ló fọ̀nà hàn, àwọn tó ń tajà sì sún mọ́ kọsítọ́mà débi tí wọ́n fi rí i.

Ilé-iṣẹ́ yẹn kọjá láti ọwọ́ olówó kan sí òmíràn, títí tó fi bọ́ sọ́wọ́ VF ní 1986. Skip Yowell kò kúrò níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń kó àwọn tó ń ta báàgì náà lọ gun Òkè Rainier, kí wọ́n lè fi ẹ̀yìn ara wọn mọ ohun tí wọ́n ń tà. Nígbà tó kú ní 2015, orúkọ Jan ṣì wà lára báàgì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín ti yàtọ̀.

ALÁGBẸ̀DẸ TÓ FỌWỌ́ ARA RẸ̀ DÁ ỌJÀ RẸ̀ DÚRÓ

Ẹnì kejì ni Yvon Chouinard, tí wọ́n bí ní 1938. Ní 1957, nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún, ó lọ síbi tí wọ́n ń kó irin àlòkù sí, ó ra ààrò alágbẹ̀dẹ tó ń lo èédú, ó ra owú àti ẹmú, ó sì fúnra rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ. Ohun tó ń rọ ni ìṣó ńlá tí àwọn tó ń gun àpáta máa ń gbá wọ inú lílà àpáta, tí wọ́n á so okùn wọn mọ́. Ìṣó tó ń ti Yúróòpù wá nígbà yẹn rọ̀, tí wọ́n bá ti gbá a wọlé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ni. Ti Chouinard le, wọ́n lè yọ ọ́ kí wọ́n tún un lò. Dọ́là kan àbọ̀ ló ń ta ọ̀kan, látinú ẹ̀yìn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀. Ó ti àwọn tó ń kó wọlé láti Yúróòpù wọ́n jìnnà, àmọ́ àwọn agunkè mọ̀ pé ẹni tó rọ ọ́, òun náà ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn.

Ní 1965, Tom Frost dara pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tó fi máa di 1970, ilé-iṣẹ́ Chouinard Equipment ló ń ta ohun èlò irin fún àwọn agunkè jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé. Wọ́n rí i pé àpáta tí àwọn fẹ́ràn ti ń fọ́. Ojú kan náà ni wọ́n ń gbá ìṣó sí, tí wọ́n ń yọ, tí wọ́n tún ń gbá, títí ojú àpáta fi di ihò jágajàga. Ìṣó yìí sì ni òpó ọjà wọn o! Ẹ̀yin ọlọ́jà, kí lẹ máa ṣe?

Ohun tí wọ́n ṣe nìyí: wọ́n pinnu pé àwọn á fi ìṣó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú ìwé ọjà wọn ti 1972, wọ́n gbé irin mìíràn jáde, èyí tí a kàn ń fi ọwọ́ há sínú lílà àpáta, tí a á tún fi ọwọ́ yọ láìgbá nǹkankan. Wọ́n kọ àlàyé gígùn sínú ìwé ọjà náà nípa bí a ṣe ń gun òkè láìpa òkè lára. Láàárín oṣù díẹ̀, irin tuntun ti ń tà ju bí ọwọ́ wọn ṣe lè ṣe é lọ.

A fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbí. Ilé-iṣẹ́ kékeré nìkan ló lè yára yí padà báyẹn. Ẹni tó ni ín, òun náà ló ń gun òkè, òun ló rí ihò tó wà lára àpáta. Kò sí ẹni tó máa gbé ìwé lọ bá kó tó pinnu.

Ṣùgbọ́n kékeré náà ní ewu tirẹ̀. Láàárín ọdún 1980 sí 1989, àwọn kan tó fara pa tàbí tí ẹnì kan wọn kú bẹ̀rẹ̀ sí í pe Chouinard Equipment lẹ́jọ́, wọ́n ní ilé-iṣẹ́ náà kò kìlọ̀ fún àwọn tó. Owó lọ́yà ga, owó ìnṣọ́ránsì ga. Ilé-iṣẹ́ ńlá lè gba ìjà lọ́yà mẹ́wàá kó má mì. Ti kékeré ò lè gbà á. Ní 1989, Chouinard Equipment lọ sí kóòtù láti wá ààbò lọ́wọ́ gbèsè.

Ta ló wá gbà á là? Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fúnra wọn ni! Lábẹ́ ìdarí Peter Metcalf, wọ́n dáwó jọ, wọ́n wá àwọn tó máa fi owó kún un, wọ́n ra ẹ̀rọ àti ọjà, wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ di Black Diamond, wọ́n sì kó o lọ sí Salt Lake City ní 1991. Ọmọọṣẹ́ ló gba ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ẹ rántí bàbá oníkòkò wa tó lọ yẹn, ẹ rántí ọmọọṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè.

Ìtàn Black Diamond ò tíì parí níbẹ̀ o. Ní 2010, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Clarus fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 90 dọ́là rà á. Ogún ọdún ni ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ fi gbé e dé ibẹ̀.

ẸNI TÓ TETE TÀ

Ọ̀rẹ́ Chouinard kan wà tó ń jẹ́ Douglas Tompkins. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Susie, ló ṣí ṣọ́ọ̀bù The North Face ní San Francisco ní 1966. Ìtumọ̀ orúkọ yẹn ni ojú àríwá òkè. Lápá ibi tí wọ́n wà láyé, ẹ̀gbẹ́ àríwá òkè ni oòrùn kì í dé, òun ló tutù jù, òun ló sì le gùn jù. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni, ohun èlò àwọn agunkè ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Tompkins ò pẹ́ níbẹ̀. Láàárín ọdún méjì péré ló tà á ní dọ́là 50,000, òun àti Chouinard àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn sì wa ọkọ̀ láti California lọ dé ìhà gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1968, lọ gun Òkè Fitz Roy. Kenneth Klopp, tí wọ́n ń pè ní Hap, ló gba ilé-iṣẹ́ náà, tó gbé e lọ sí Berkeley, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ọjà tirẹ̀. Ní 1975, wọ́n gbé àgọ́ kan jáde tó rí róbótó bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, tí afẹ́fẹ́ kì í lè bì ṣubú bọ̀rọ̀. Gbogbo àgọ́ róbótó tí ẹ ń rí lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwòkọ ìyẹn ni.

Nígbà tó yá, ìfẹ́ àtigbòòrò kíákíá wọlé. Ilé-iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó tó ń rà tó ń tà, gbèsè wọ̀ ọ́, wọ́n tún un tà. Ní 1996, wọ́n gbé e lọ sí ọjà ṣíà. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ tí àṣírí tú pé ìṣirò owó tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún 1997 àti 1998 kò péye, wọ́n ní láti tún un kọ. Ṣíà já wálẹ̀. Ní 2000, VF rà á ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 25 dọ́là, ó sì gba gbèsè rẹ̀ mọ́ ọn. Lónìí, ohun tí The North Face ń tà lọ́dún kan ju bílíọ̀nù 3 dọ́là lọ.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gbígbé mì ni gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá ń ṣe. Kò sí ẹni tó ti The North Face sínú gbèsè, òun fúnra rẹ̀ ló kó sí i. Ilé-iṣẹ́ ńlá ló yọ ọ́. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn.

TA TIẸ̀ NI VF?

Òun náà kéré rí. Ní 1899, ní ìlú Reading ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, John Barbey àti àwọn kan dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń rán ìbọ̀wọ́. Láti ìbọ̀wọ́, wọ́n bọ́ sí àwọ̀tẹ́lẹ̀ àwọn obìnrin, wọ́n ń pè é ní Vanity Fair, ibẹ̀ ni lẹ́tà V àti F ti wá. Ní 1969, wọ́n ra Lee tó ń ṣe jíǹsì. Ní 1986, wọ́n ra ilé-iṣẹ́ tó ni Wrangler, JanSport sì wà nínú ẹrù yẹn. The North Face tẹ̀ lé e ní 2000, Vans ní 2004, Timberland ní 2011. Iṣẹ́ VF wá yí padà: ó kúrò ní ẹni tó ń rán aṣọ, ó di ẹni tó ń ra orúkọ.

Àǹfààní ńlá wà nínú ìyẹn. Ẹni tó ní orúkọ mẹ́wàá, bí òtútù kò bá mú lọ́dún yìí tí jákẹ́ẹ̀tì ò tà, bàtà á tà. Ó ń ra síìpù àti aṣọ fún gbogbo wọn pa pọ̀, ẹni tó ń tà á fún un á dín owó. Àwa náà mọ ìyẹn: ẹni tó ra béèlì ogún àti ẹni tó ra béèlì kan, iye kan náà kọ́ ni wọ́n ń rà á.

Ṣùgbọ́n erin náà máa ń ṣubú. Ní 2020, VF fi ohun tó ju bílíọ̀nù 2 dọ́là ra Supreme, aṣọ àwọn ọ̀dọ́ ìgboro. Nígbà tó di 2024, gbèsè ti pọ̀, wọ́n tà á ní bílíọ̀nù kan àbọ̀. Ẹ ṣírò òfò yẹn wò. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹni tó bá tóbi, àkísà tiẹ̀ náà á tóbi.

ÀJỌ TÓ DI ILÉ-IṢẸ́ ŃLÁ

Ọ̀nà mìíràn wà, àwa Yorùbá la sì yẹ kó yé jù. Ní Seattle yẹn náà, tọkọtaya kan wà, Lloyd àti Mary Anderson, tí wọ́n máa ń gun òkè. Lloyd ń wá àáké tí wọ́n fi ń gun òkè yìnyín. Èyí tó rí nílé wọ́n gógó, kò sì dára. Ó kọ̀wé sí ilẹ̀ Austria, ó rí ojúlówó gbà níbẹ̀ ní dọ́là 3 àbọ̀, owó ìfiránṣẹ́ wà nínú ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kó bá àwọn náà rà. Ní 1938, àwọn mẹ́tàlélógún kóra jọ, olúkúlùkù san dọ́là kan, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ láti jọ máa ra ohun èlò òkè. Òun ni wọ́n ń pè ní REI lónìí.

Ẹgbẹ́ yìí kò ní ẹyọ ẹnì kan tó lè tà á. Ẹni tó bá san owó ìwọlé ti di ọ̀kan lára àwọn tó ni ín, nígbà tí ọdún bá parí, wọ́n á pín nǹkan fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe rajà tó. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ju mílíọ̀nù 20 lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àjọ tó bá tóbi tán, ó ń ní ìṣòro ọba ńlá. Ní 2022, àwọn òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù REI kan ní New York dìbò láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ohùn àwọn náà dé òkè. Ẹgbẹ́ tí a dá kí gbogbo ènìyàn lè ní ohùn, ó dé ibi tí àwọn tó wà nínú rẹ̀ ń wá ohùn.

NÍGBÀ TÍ INÁ JÓ

Àwa tí a wà ní Jos ní oṣù kejì ọdún 2002, tí ọjà ńlá wa jóná, a ò lè sọ ìtàn yìí kí ojú wa má pọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló wọ ọjà yẹn lówùúrọ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, tí kò rí ilẹ̀kùn tó máa ṣí.

Jákẹ́ẹ̀tì onírun múlọ́múlọ́ tí ẹ̀ ń rà lọ́wọ́ wa nígbà ọyẹ́ yẹn, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Malden Mills ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, òun àti Patagonia tó jẹ́ ti Chouinard, ni wọ́n jọ ṣe aṣọ rẹ̀ títí tó fi dára. Ẹbí kan ló ni Malden Mills. Ní December 11, 1995, iná ńlá jó o. Ọ̀gá ibẹ̀, Aaron Feuerstein, ti pé àádọ́rin ọdún. Ó lè gba owó ìnṣọ́ránsì kó máa lọ sinmi. Ó lè kó iṣẹ́ lọ sílẹ̀ òkèèrè níbi tí owó òṣìṣẹ́ kò ti pọ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun máa tún un kọ́ síbẹ̀, ó sì ń san owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún oṣù mélòó kan nígbà tí iṣẹ́ kankan ò sí. Wọ́n tó nǹkan bíi 3,000. Ìròyìn rẹ̀ kan jákèjádò Amẹ́ríkà.

A ò ní tan yín o. Gbèsè tó jẹ láti tún un kọ́ wúwo, ní 2001 ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù gbèsè, ó sì bọ́ lọ́wọ́ ẹbí. Aṣọ yẹn ṣì wà lọ́jà, Polartec ni wọ́n ń pè é, ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Milliken ló ni ín láti 2019. Àwọn kan ní Feuerstein ò gbọ́n. Àwa ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kú ní 2021, ẹni ọdún 95, oore tó ṣe ni wọ́n ń rántí. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé inú rere nìkan ò tó, ìṣirò gbọ́dọ̀ bá a rìn.

KÍ WÁ NI ÌYÀTỌ̀ ŃLÁ ÀTI KÉKERÉ?

Bí a ṣe tò ó nìyí. Kékeré ló máa ń dá nǹkan. Báàgì, ìṣó, àgọ́ róbótó, ọwọ́ kékeré ni gbogbo wọn ti jáde. Kódà Gore-Tex, aṣọ tí òjò kì í wọ̀ tó sì ń jẹ́ kí ooru ara jáde, ilé-iṣẹ́ Gore ló ni ìmọ̀ rẹ̀ láti 1969, ṣùgbọ́n Early Winters, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Seattle, ló kọ́kọ́ fi rán àgọ́ tà ní 1976. Ńlá ló máa ń mú nǹkan dé ọ̀nà jíjìn, òun ló sì lè fara da ọdún burúkú. Tí kò bá sí VF, bóyá báàgì Jan ò ní dé Jos.

Ẹ wá wo ohun tí Gore fúnra rẹ̀ ń ṣe. Bill Gore tó dá a sílẹ̀ ò fẹ́ kí àwọn tó wà ní fákítìrì kan ju nǹkan bí 150 sí 200 lọ. Bí wọ́n bá ti ń pọ̀ jù, á kọ́ òmíràn. Ó ní kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lè mọ ojú ara wọn. Ó tóbi, ṣùgbọ́n ó gé ara rẹ̀ sí kékeré kékeré. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Nítorí náà, ohun tí a rí ni pé títóbi tàbí kíkéré kọ́ ló ń pa ilé-iṣẹ́. Ohun tó ń pa á ni pé a ò tètè dáhùn ìbéèrè kan: ta ni yóò ni ín lẹ́yìn wa, kí sì ni yóò máa fi ṣe?

Chouinard ló dáhùn rẹ̀ jù. Patagonia, ilé-iṣẹ́ aṣọ tó dá sílẹ̀ ní 1973, ti ṣìṣe rí. Wọ́n ń gbòòrò kíákíá, wọ́n ń yáwó, ọjà wá dẹnu kọlẹ̀, ní July 31, 1991 wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ 120 máa lọ ilé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìkan nínú márùn-ún ni o! Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti sọ fún ara wọn pé àwọn ò ní sáré ju ẹsẹ̀ àwọn lọ mọ́. Ní September 2022, nígbà tí Chouinard ti di ẹni ọdún 83, tí wọ́n ní ilé-iṣẹ́ rẹ̀ tó bílíọ̀nù 3 dọ́là, kò tà á, kò gbé e lọ sí ọjà ṣíà. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì fi apá kan, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún tó ní agbára ìdìbò, sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó máa ṣọ́ ọ. Ìdá 98 yòókù, wọ́n fún ẹgbẹ́ kan tó máa fi èrè rẹ̀ dáàbò bo ilẹ̀ àti omi. Ẹnikẹ́ni lè gbà pẹ̀lú rẹ̀ tàbí kó má gbà. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ara rẹ̀ yá, nígbà tó kọ ọ́ sílẹ̀.

ÀWA Ń KỌ́?

Ẹ̀yin ará wa, àwọn bàbá wa tó bá ọkọ̀ ojú irin àti iṣẹ́ kùsà dé Jos, wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù rán wa níléèwé. A kàwé tán, a ò wo ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mọ́. Àwọn òyìnbó tí a sọ ìtàn wọn yìí ò gbọ́n jù wá lọ. Ìyàwó rán báàgì, bẹ́ẹ̀ làwa náà. Wọ́n dá àjọ, bẹ́ẹ̀ làwa náà. Ohun tí wọ́n ṣe tí a kì í ṣe ni pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, àwa ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé tiwa. A ra ìwé kan, a kọ orúkọ ẹni tó jẹ wá lówó àti ẹni tí a jẹ. A kọ orúkọ àwọn tí a ń ra béèlì lọ́wọ́ wọn. A pe ọmọọṣẹ́ wa tó ti pẹ́ pẹ̀lú wa, a jókòó pẹ̀lú òun àti àwọn ọmọ, a sọ pé bí a bá lọ, òun ló máa dúró sí ṣọ́ọ̀bù, ìpín tirẹ̀ rèé, ìpín àwọn ọmọ rèé. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ bínú. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ẹni tí kì í ṣe ẹbí?" A sọ ìtàn Black Diamond fún un. A bi í pé, "Ṣé o máa kúrò l'Ábújá wá jókòó sí Jos?" Ó dákẹ́. Nígbà tó yá ó fọwọ́ sí i.

Bákan náà, àwa mẹ́rin tí a ń ta jákẹ́ẹ̀tì ti ń dáwó jọ ra béèlì pa pọ̀ nígbà ọyẹ́. Iye tí a ń rà á ti dín kù, òfò tó bá sì wà nínú béèlì, a jọ ń pín in ni. Kì í ṣe REI, ṣùgbọ́n dọ́là kọ̀ọ̀kan làwọn náà fi bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tí a kò kọ́, ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa kọ tiyín sísàlẹ̀: ta ló gba ṣọ́ọ̀bù bàbá tàbí ìyá yín? Ṣé ó ṣì wà? Kí ló gbà á là, kí ló sì pa á? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Kano àti Kaduna, a ń retí yín. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta aṣọ, ẹ má dákẹ́ o, àwa ọkùnrin nìkan kọ́ ló ni ṣọ́ọ̀bù.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ wa tú ká lẹ́yìn wa. Ọyẹ́ tó ń bọ̀ á san wá sówó. Àṣẹ.